Àpótí Tó Ń Gbé Òórùn Irú Mì

Òórùn irú ló máa ń jí mi nílé wa ní Pobè, kí àkùkọ tó kọ. Nígbà òjò, ìyá mi á gbé agbọ̀n irú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sè wọlé, á fi ewé àti aṣọ bò ó, á sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi, torí irú kò fẹ́ òtútù rárá. Ọjọ́ mẹ́ta ló máa ń lò níbẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo la ní: bàbá, ìyá, èmi àti irú la jọ ń sùn síbẹ̀. Tí mo bá kùn, ìyá mi á ní, "Ta ló ní kó o máa gbóòórùn? Sùn, jàre."

Aṣọ kakí ilé-ìwé mi ló ń kó òórùn náà lọ síbẹ̀. Rafiátù tí a jọ ń jókòó á fọwọ́ di imú, á ní, "Afítìn ti dé o!" Bí àwọn Fọ̀n ṣe ń pe irú nìyẹn, gbogbo kíláàsì sì sọ ọ́ di orúkọ mi. Ojú tì mí débi pé lọ́jọ́ kan mo fara pamọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná, mi ò lọ. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, ó ní kí n kúkú lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ní Sákétẹ́. Aṣọ ni ìyẹn ń tà, ilé rẹ̀ kì í rùn. Ìyá mi kàn ń ṣa irú lọ, kò wojú mi. Háà, ó dùn mí o! Òórùn ni mo fẹ́ kó lọ, kì í ṣe èmi. Mo sunkún títí òsúkè fi mú mi.

Rédíò ni bàbá mi ń tún ṣe, kì í sì í lè fara da ẹkún mi. Ó ní, "Ó dáa, ọ̀sẹ̀ kan. Bí yàrá yìí bá ṣì ń rùn lẹ́yìn rẹ̀, o ń lọ Sákétẹ́ nìyẹn." Ó kan àpótí pákó, ó ta àwọ̀n wáyà síwájú àti sẹ́yìn rẹ̀. Èmi ṣa èèpo èkùrọ́ wá, a jó o nínú agolo tí a dé pa títí ó fi di èédú, a fọ́ ọ wẹ́wẹ́, a dà á sáàárín àwọ̀n, torí bàbá mi ní èédú máa ń gbé òórùn mì. Ó fi abẹ̀bẹ̀ kékeré tó yọ lára ẹ̀rọ kan sẹ́yìn rẹ̀, ó so ó mọ́ bátìrì mọ́tò. Bó ṣe tàn án báyìí, eruku dúdú bò wá láti orí dé ẹsẹ̀! A ò fọ èédú. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. A fọ̀ ọ́, a sá a, a tún tàn án.

Ó ṣiṣẹ́ o! Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àkùkọ ló jí mi. Rafiátù fa imú sí kakí mi títí, ó bá ṣí ìwé rẹ̀.

Àfi bó ṣe ku ọ̀la kí ọ̀sẹ̀ pé. Òjò ti rẹ igi ìdáná wa, ìyá mi wo àpótí, ó rí èédú gbígbẹ, ó bá dà á sínú àdògán, ó fi gbé ẹ̀kọ kaná. Gbogbo irú tí èédú náà ti gbé mì ló pọ̀ síta lẹ́ẹ̀kan náà! Àwọn aládùúgbò yọjú. Ẹ̀rù bà mí, àfi bíi pé wọ́n ti ń di ẹrù mi. Bàbá mi wọlé, ó fa imú, ó wo àdògán. Kó tó la ẹnu, ìyá mi ní, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, èmi ni mo ṣe é. Ẹ ò ní mú ọmọ mi lọ Sákétẹ́. Èmi fúnra mi ni màá ṣa èèpo mìíràn." Kò dúró gbọ́ èsì. Ó gbé agbọ̀n, ó wọnú òjò, mo sì sáré tẹ̀ lé e.

Mi ò lọ Sákétẹ́ mọ́. Mo ti dàgbà, Àjàṣẹ́ ni mò ń gbé báyìí. Mo ti fọwọ́ ara mi kan àpótí bíi ti bàbá mi sílé ìdáná, òórùn ẹja díndín ò sì lè yọ àlejò mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n tí ìyá mi bá ti Pobè dé, tó tú irú sórí tábìlì, ńṣe ni mo máa ń lọ pa àpótí náà. Á ní, "Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?" Màá ní, "Rárá o, Màmá, ó ń sinmi." Màá sún àga mi mọ́ tirẹ̀, màá máa fa imú. Ọmọ tó sá sẹ́yìn ilé ìdáná yẹn ò ní gbà pé èmi náà ni. Bí Rafiátù bá kọjá níta lónìí, tó pariwo pé Afítìn, màá jẹ́ ẹ.