Ìwé Tí Mo Fi Wó Ilé Màmá

Ní àárín àwọn ọdún 1980, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì tún jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ kan nínú ìjọ wa. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, mo sì mọ̀ pé ó dára. Bí mo bá ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tán, mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó jókòó, bóyá ẹnìkan á rántí kí mi. Agbéraga ni mí. N kò pè é bẹ́ẹ̀ nígbà náà, mo ń pè é ní ìmọ̀.

Màmá kan wà tó ti gbá ilẹ̀ ìjọ wa fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó padà sílé ní Ìjẹ̀bú-Imusin. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà lókè ọya. Ilé amọ̀ tí ọkọ fi sílẹ̀ ló ń gbé: pálọ̀ kan, yàrá méjì, páànù tó ti dípẹtà. Ẹgbẹ́ ní kí èmi àti alága lọ wò ó. Màmá mú wa wọ yàrá tó ń sùn, ó nawọ́ sókè, ó ní ibẹ̀ ló ń jò. Ó ní bí òjò bá ti ṣú, òun á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti bẹ́ẹ̀dì kiri bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò so ewúrẹ́ mọ́. Kò béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ wa.

Alága wa jẹ́ àgbà ọkùnrin tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ títì lílà. Nínú ìpàdé, a pín iṣẹ́ sí ọ̀nà méjì. Àwọn káfíńtà mẹ́ta tó wà nínú ìjọ ni yóò gé pákó sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọn yóò sì kan páànù tuntun. Àwọn ọkùnrin Imusin yóò ṣe ọ̀wẹ̀: wọn yóò tú páànù tó bàjẹ́ kúrò, wọn yóò sì fi amọ̀ lẹ orí ògiri níbi tí omi ti jẹ ẹ́. Alága wá yíjú sí mi.

Ó ní, "Akọ̀wé, kọ ohun tí a fẹ́ ṣe. Lẹ́yìn náà kọ ohun tí a ò ní ṣe. Kọ ẹni tí yóò ṣe èwo. Iṣẹ́ tí kò bá ní ààlà, oko olóko ló ń wọ̀."

Mo ní, "Bàbá, òrùlé yàrá kan ṣoṣo náà ni, àbí ààfin la fẹ́ kọ́?"

Ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó mú fìlà rẹ̀ lórí tábìlì, ó gbọ̀n ọ́n bí ẹni pé eruku wà lára rẹ̀, ó sì dé e. Inú mi dùn pé mo pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Gbólóhùn kan ni mo kọ. "A ó tún ilé Màmá ṣe ní Sátidé tó ń bọ̀, kí òjò tó dé." Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú bírò tuntun, mo fi ọ̀kan fún àwọn káfíńtà, mo fi èkejì rán sí olórí ọ̀wẹ̀ ní Imusin. Àwọn káfíńtà wà nínú ìpàdé, wọ́n mọ ohun tí a wí. Àwọn ará Imusin kò sí níbẹ̀. Ìwé mi nìkan ni wọ́n ní.

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá ti mọ ohun tí mo ṣe. Tún un ṣe: kí a dí ihò, kí a lẹ ibi tó ya. Tún un ṣe: kí a ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, láti ìpìlẹ̀. Èmi tí mo ń yọ máàkì ọmọ tí kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀, èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ méjì ránṣẹ́.

Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù gbé àwa àti pákó dé Imusin lọ́sàn-án Sátidé, orin la kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn ọkùnrin bí ogún wà nínú kòtò, wọ́n ń fẹsẹ̀ po amọ̀, inú wọn ń dùn. Ilé Màmá kò sí mọ́. Ògiri rẹ̀ kò ga ju orúnkún lọ. Ìdí igi kan ni Màmá jókòó sí pẹ̀lú àpótí aṣọ, ìkòkò mẹ́ta àti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tí wọ́n tú sí wẹ́wẹ́.

Olórí ọ̀wẹ̀ bọ́ jáde nínú amọ̀ wá kí wa. Ó ní, "Tíṣà, ẹ káàbọ̀. Ìjọ yín mà ṣeun o! A ti ń rò pé kí a wó o tipẹ́, ikán ti wọ ẹ̀yìn ògiri."

Àwọn káfíńtà bú sí ariwo. Páànù mẹ́fà péré ni wọ́n gbé wá, pákó yàrá kan ni wọ́n gé. Ta ló ní kí ẹ wó o? Àwọn ará Imusin ní, ẹ̀yin náà, kí lẹ wá ṣe lọ́sàn-án gan-gan? Wọ́n ń bá ara wọn jà, wọ́n ń na ọwọ́ síra wọn lójú.

Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo sì sọ ọ́ lóòótọ́. Mo ní, "Ṣé ẹ̀yin ò gbọ́ Yorùbá ni? Ìwé mi yé ẹni tó bá mọ̀wé."

Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Olórí ọ̀wẹ̀ kò bú mi. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó yọ ìwé náà láti inú àpò, ó ní kí n kà á sókè fún gbogbo wa. Mo kà á.

Alága gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó yí i sí ojú kejì, ó jókòó sórí pákó, ó sì kọ ètò iṣẹ́ lójú gbogbo wa: yàrá kan ni a ó kọ́kọ́ mọ dé òrùlé. A ò ní fọwọ́ kan pálọ̀. Ọ̀wẹ̀ ni ògiri, káfíńtà ni òkè. Ó ka ìkọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè bóyá ó yé wọn. Ìjà tán. Ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ kì í yára. Ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Òjò kò dúró dè wá. Màmá fi gbogbo àsìkò òjò sùn sí ọ̀ọ̀dẹ̀ aládùúgbò lórí ẹní, òun tó ní yàrá tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ibi kan ṣoṣo péré ń jò níbẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la tó kó o wọ yàrá kan yẹn. A ò rí pálọ̀ kọ́ títí tó fi kú. Lọ́jọ́ tí a kó o wọlé, ó fà mí sẹ́yìn ilé, ó di ọwọ́ mi mú. Mo rò pé ó fẹ́ bú mi ni.

Ó ní, "Ọmọ mi, má bínú sí mi. Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ náà pé òrùlé ni. Wọ́n ní ó wà nínú ìwé. Mo wá ní bí akọ̀wé bá ti kọ ọ́, ó mọ ohun tí mi ò mọ̀. Ó yẹ kí n ti pariwo. Èmi ni mo kó yín sí wàhálà."

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ wà ní ètè mi. Àwọn káfíńtà wà nítòsí, wọ́n lè gbọ́. Mo wo ilẹ̀, mo fọwọ́ tẹ èjìká rẹ̀ bí àgbà tó ń tu ọmọdé nínú.

Mo ní, "Kò burú, Mà. Mi ò bínú."