Ẹni Tí Kò Wá, Ó Ti Gbà

"Àǹtí Zwaantje, ṣé òótọ́ ni pé kò sẹ́ni tó lòdì sí i ní Wemmerlo?"

Lammert Hidding, ọmọ aládùúgbò rẹ̀ tó ń kọ ìwé ìtàn abúlé, ló bi í. Ọ̀rọ̀ ìgbà tí ìjọba fẹ́ da gbogbo oko pọ̀, kí wọ́n tún un pín, ló ń sọ.

Zwaantje Oldekamp gbé ife kọfí kalẹ̀ bí ẹni sọ òkúta.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá mi. Wọ́n ní bàbá yín gan-an gbà."

"Roelof sọ bẹ́ẹ̀? Ẹnu rẹ̀ kò sì wọ́?"

Òfin ìdìbò ìgbà náà burú: ẹni tí kò bá yọjú, wọ́n á kà á mọ́ àwọn tó gbà. Harm, bàbá Zwaantje, ti búra pé òun á lọ sọ pé rárá lójú gbogbo ayé. Àfi bí ìyàwó rẹ̀ ṣe kú ní ọjọ́ tó ṣáájú ìdìbò. Ní Wemmerlo, a kì í fi òkú sílẹ̀ lóun nìkan. Aládùúgbò tó súnmọ́ni jù ló ń wẹ òkú ẹni, òun náà ló sì ń jókòó tì í bí onílé bá fẹ́ jáde. Roelof Hidding ni aládùúgbò náà.

"Harm, fọkàn balẹ̀," ó ní, "màá dé láàárọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò, Harm dé fìlà, ó dúró dè é lójú fèrèsé títí ilẹ̀ fi ṣú. Zwaantje kéré nígbà náà, kò tíì tó ẹni tí wọ́n ń fi òkú tì. Roelof kò wá; ó wà níbi ìdìbò, ó ń mu bíà. Nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀, pápá etí odò tí Harm jogún di ti Roelof. Ilẹ̀ iyanrìn ni wọ́n fún Harm, ọ̀dùnkún kì í ta níbẹ̀.

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," Zwaantje wí.

"Àǹtí, arúgbó ni bàbá mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi."

"Èmi ńkọ́? Ọmọ ọwọ́ ni mí?"

Ìwé jáde. Ó ní abúlé fohùn ṣọ̀kan. Nígbà tí Lammert gbé ẹ̀dà kan wá, Zwaantje kò ṣílẹ̀kùn. "Gbé e fún ẹlẹ́dẹ̀ yín," ó ní láti inú ilé, "wọ́n mọ̀wé jù ọ́ lọ."

Nígbà òtútù, Roelof kú. Lammert tún wá kanlẹ̀kùn, fìlà lọ́wọ́. Zwaantje wò ó títí. Ó gbé omi kaná, ó mú aṣọ ìnura, ó tẹ̀ lé e.

Inú ń bí i, síbẹ̀ ó wẹ Roelof dé ẹ̀yìn etí, ó ya irun rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú.

"Máa lọ kéde fáwọn ará abúlé. Bàbá rẹ kò ní dá wà."

"Àǹtí, ẹ ṣeun..."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Ẹ̀tọ́ aládùúgbò tí ilé wa jẹ ilé yín ni mò ń san. Èyí tí ilé yín jẹ wá, ọrùn rẹ ló wà báyìí."

 Lammert dé fìlà rẹ̀, ó jáde, kò sì san gbèsè náà títí dòní.