Ilé Ayọ̀rìndé Tí Ògiri Rẹ̀ Ń Rìn

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ayọ̀rìndé fi ya àwòrán ilé fún ìjọba ní Adó-Èkìtì kó tó fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe òun ni ọ̀gá tó ń ronú ilé jáde o. Òun lẹni tí wọ́n máa ń gbé iṣẹ́ fún pé kó lọ fi rúlà fà á kó mọ́. Ilé-ìwé, ilé ìwòsàn, ilé ẹjọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ilà wọn ti jáde, orúkọ rẹ̀ kò sì sí lára ọ̀kankan. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, tí àwọn ọmọ wọn sì ti rékọjá sókè òkun, ó ku òun nìkan nínú ilé oníyàrá márùn-ún lójú ọ̀nà Ìyìn. Ó mú yàrá kan, ó gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà sí mẹ́rin tó kù.

Ojú ara rẹ̀ ló fi rí ìyà wọn. Ọmọ méjì nínú yàrá kan, kò sí ibi tí tábìlì lè dúró sí. Orí mátírẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti ń fi bíléèdì gé páálí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó bá Monínúọlá, ọmọbìnrin kan tó wà ní ọdún kejì, lórí àga lẹ́yìnkùlé, tó ti sùn lọ fọnfọn.

"Monínúọlá, kí ló dé tí o kò sùn sínú ilé?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Iṣẹ́ mi ni kò tíì gbẹ. Orí ibùsùn ló wà."

Ọ̀rọ̀ náà ká Ayọ̀rìndé lára. Àwòrán ń sùn lórí ibùsùn, ọmọ tó yà á ń sùn níta!

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó ya ilé tó ti inú orí òun fúnra rẹ̀ wá. Oṣù mẹ́ta ló fi ń yà á, tó ń pa á rẹ́, tó ń tún un yà. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ké sí Bámidélé, kápẹ́ńtà kan lẹ́yìn Ọjà Ọba tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ rí.

"Mo fẹ́ wó ògiri inú ilé," ni Ayọ̀rìndé wí. "Òpó tó gbé òrùlé ró nìkan ni yóò kù."

"Ọ̀gá, kí ni yóò wá pín yàrá?"

"Ògiri tó ń rìn."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni Bámidélé fi kan àwọn ògiri náà, ó fi táyà kéékèèké sí wọn nísàlẹ̀, ó fi irin la ọ̀nà fún wọn lókè. Ibùsùn kọ̀ọ̀kan ní hínjì bíi ti ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá jí, wọ́n á gbé e dúró, ẹ̀yìn rẹ̀ á di pátákó ìyàwòrán. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, wọ́n á ti ògiri sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo ilé á di gbọ̀ngàn. Ẹni tó bá fẹ́ sinmi á fa ògiri tirẹ̀ bora. Inú àwọn ọmọ dùn kọjá sísọ. Olùkọ́ wọn kan tilẹ̀ kó kíláàsì rẹ̀ wá wò ó, ó sì bi Ayọ̀rìndé pé yunifásítì wo ló lọ. Bàbá rẹ́rìn-ín títí.

Kò ju ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn. Ó rò pé ọjọ́ orí ni, ó lọ ra awò tuntun. Nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọ̀rọ̀ ti kọjá àtúnṣe. Dókítà ní ìfúnpá inú ẹyinjú ti ń ba iṣan ojú rẹ̀ jẹ́ láti ọdún pípẹ́ láìdùn ún. Oògùn lè pa ìríran tó kù mọ́ fúngbà díẹ̀. Èyí tó ti lọ ti lọ. Ayọ̀rìndé ń kán oògùn sójú, àwọn ará ìjọ rẹ̀ ń gbààwẹ̀ fún un. Kí ọdún tó yí po, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé nìkan ló kù tó ń rí.

Ẹni tó fọ́jú a máa fi ẹsẹ̀ mọ ọ̀nà inú ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń mọ ọ̀nà inú ilé tó ń yí padà? Láàárọ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́jọ ni láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé balùwẹ̀. Lọ́sàn-án, ògiri ti dí ibẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá wà nílé, wọ́n á kígbe pé, "Bàbá, ẹ gba ọwọ́ òsì!"

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, wọn kò sí nílé. Monínúọlá ti wà ní ọdún tí yóò parí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi páálí kọ́ ilé ìwòsàn kékeré kan, ọjọ́ kejì ni yóò gbé e síwájú àwọn olùkọ́. Ó gbé e sí àárín gbọ̀ngàn kó gbẹ, ó sáré lọ ra gọ́ọ̀mù. Ayọ̀rìndé dìde, ó ń wá ọ̀nà balùwẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ba pákó níbi tí kò yẹ kí pákó wà. Ó yà sọ́tùn-ún, pákó ni. Ó yí padà, kò mọ ibi tí òun kọjú sí mọ́. Ó pe orúkọ àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún gbẹ́sẹ̀ kan, tábìlì kúkúrú kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó sì fi gbogbo ara ṣubú lé nǹkan tó rún wómúwómú lábẹ́ àyà rẹ̀.

Ilẹ̀ ni Monínúọlá bá a.

"Bàbá! Ṣé ẹ ò fara pa?"

"Kí ni mo fọ́?"

"Páálí lásán ni, Bàbá."

Ayọ̀rìndé kò lè rí ojú rẹ̀, kò mọ̀ bóyá ó ń sunkún. Ó táràrà, ọwọ́ rẹ̀ ba òrùlé kékeré kan, ó dì í mú. Kò mọ ibi tí òun lè lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń gbọ́ ìró sísọ́ọ̀sì àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń bá Monínúọlá tún un kọ́. Máàkì tí wọ́n fún Monínúọlá kò tó èyí tó tọ́ sí i. Ẹlòmíràn ló sọ fún Bàbá. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà, ìṣísẹ̀ mẹ́jọ kò yẹ̀ mọ́. Ayọ̀rìndé ń dúpẹ́ nínú ara rẹ̀, àfi ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan orí ìṣó nísàlẹ̀ ògiri. Ó ranṣẹ́ pe Bámidélé.

"Ta ló ní kí o kàn wọ́n pa?"

"Àwọn ọmọ ni, Ọ̀gá. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín."

"Níbo ni wọ́n wá ti ń ṣiṣẹ́?"

Bámidélé fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. "Orí ibùsùn."

Ayọ̀rìndé ní kí wọ́n yọ ìṣó náà. Monínúọlá kúnlẹ̀: "Bí ẹ bá tún ṣubú ńkọ́, Bàbá?" Bàbá ń bẹ̀ wọ́n, àwọn náà ń bẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó yọ ìṣó. Nígbà tí wọ́n lọ sí ilé-ìwé, ó mú òòlù, ó fẹ́ fà wọ́n yọ fúnra rẹ̀. Kò rí orí ìṣó kan mú. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló gbá.

Fọláṣadé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, dé láti Ìgèdè, ó rí àtàǹpàkò tó wú náà.

"Ayọ̀rìndé, ulé làbọ̀ sinmi oko. Jẹ́ ká lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilé tí mo yà rèé."

"Mo mọ̀. Ṣé o ń rí i?"

Ó gbà láti lọ, bí Bámidélé bá yọ ìṣó náà kí òun tó kúrò. Inú ọkọ̀ ló jókòó sí tó ti ń gbọ́ bí àwọn ìṣó ṣe ń han bí wọ́n ṣe ń jáde nínú pákó.

Ìgèdè ló wà báyìí, nínú ilé bàbá wọn. Monínúọlá ti jáde ilé-ìwé. Àwọn tó kù a máa pè é ní ọjọ́ Sunday. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sọ fún un pé àwọn ti fi ògiri méjì kún ti ilé náà, pé àwọn ti gbé ibùsùn sókè lórí tábìlì. Ó bi wọ́n pé apá ibo. Wọ́n ṣàlàyé, wọ́n tún ṣàlàyé. Ó di ojú rẹ̀ pinpin kó lè fojú inú rí i, kò rí i.

"Ó dára," ló wí. Ó na fóònù sí Fọláṣadé pé kó bá òun pa á.