Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò Lórí Ọwọ́ Kan

Àtàǹpàkò méjì ni ọmọbìnrin mi gbé wáyé ní ọwọ́ ọ̀tún. Nígbà tó fi mọ ọ̀rọ̀ í sọ, ó ti fún wọn lórúkọ: èyí tó sanra ni Ẹ̀gbọ́n, èyí tó tín-ín-rín ni Àbúrò. Bí omi bá dà nù nílé wa, Àbúrò ló dà á. Á nà án, á tún rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ní Ìkọ̀yà tí à ń gbé, kò sẹ́ni tó ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyé, ní ọwọ́ orí ire ni. Àfi ìgbà tó dé ilé ìwé. Bó bá di pẹ́ńsù mú, àwọn méjèèjì á máa ti ara wọn, pẹ́ńsù á já bọ́. Ó ń sunkún bọ̀ wálé lójoojúmọ́, ara mi ò sì gbà á.

A gbé e lọ sí Àkúrẹ́. Dókítà ya fọ́tò egungun rẹ̀. Ó ní kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń fi òwú so kó já, torí egungun wà nínú rẹ̀. Òun máa gé ọ̀kan, òun á sì fi iṣan rẹ̀ mú èyí tó kù dúró dáadáa. Ó ní ká lọ máa wo èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù.

Ẹ gbà mí! Ilé wa di ilé ìdánwò. Àwọn ará ilé kejì ń da ẹ̀pà sílẹ̀ fún un kó ṣà á. Ìyé ń ro púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ tiwa, ó ń gbé e síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ marúgbó. Ọkọ mi wà lẹ́yìn Ẹ̀gbọ́n, Ìyé wà lẹ́yìn Àbúrò, wọ́n sì ń pariwo mọ́ra wọn bíi pé ìbò ni wọ́n ń dì.

"Ọma mi, jẹun! Àbúrò ló ń tẹ̀, mo rí i!"

"Ìyé, ẹ wò ó dáadáa, Ẹ̀gbọ́n ni!"

Ikùn ọmọ ti le gbandi. Èmi ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ mò ń bi ara mi pé: bí a bá yan èyí tí kò yẹ ńkọ́? Nígbà tó yá, mo rí i pé Ẹ̀gbọ́n ló ń tẹ òkèlè, Àbúrò kàn ń bá a rìn ni. Fọ́tò egungun náà sọ bákan náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, dókítà fi yíǹkì dúdú sàmì sí Àbúrò. Mo yíjú padà láti ká aṣọ, ọmọ ti mú báírò nínú báàgì mi, ó ti sàmì sí Ẹ̀gbọ́n náà.

"Kó má baà jowú ni, Màámi."

Igbe tí mo ké, gbogbo wọ́ọ̀dù ló sáré wá. Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi di bẹ́ẹ̀dì mú. Ó fọ ọwọ́ náà, ó tún fọ́tò wò lójú mi, ó sàmì sí Àbúrò lákọ̀tun. Wọ́n sì gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ọjọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, ó wo ọwọ́ náà títí.

"Àbúrò dà?"

Mo ní, "Iṣan rẹ̀ ni dókítà fi ran Ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́. Inú ibẹ̀ ló wà, òun ló dì í mú."

Ó gbìyànjú láti ká ọwọ́ náà kò. Àtàǹpàkò náà ò sì tẹ̀. A ń fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ́, a ń rọra tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa, mo sì ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀ pé kí n má ti ba ọwọ́ ọmọ mi jẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyé gbé púpurú síwájú rẹ̀. Ó nawọ́. Ẹ̀gbọ́n rọra tẹ̀, ó mú òkèlè, òkèlè náà ò sì já bọ́. Ìyé fò sókè, gèlè rẹ̀ bọ́ sínú ọbẹ̀! Ọmọ jẹun títí ó fi yó, ló bá tún bu òkèlè mìíràn.

Mo ní, "Ṣebí o ti yó?"

"Mo ti yó, Màámi. Ti Àbúrò nìyí."

Mo fi ìborùn bojú, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún. Ìyé yọ gèlè rẹ̀ kúrò nínú ọbẹ̀, ó sì bu òmíràn sí i fún Àbúrò.