Ẹfinrin Ẹ̀bá Fèrèsé

Mo rántí ìgbà tí ẹ̀yìnkùlé wa ní Kúdẹ̀tì ń ta sánsán fún òórùn ẹfinrin. Ìyá tó bí bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì nílé ìwé ìjọ, ló gbìn ín. Bí inú bá ń run ọmọ kan ládùúgbò, Ìyá Àgbà á se ewé náà, á fi ẹ̀kọ tútù lẹ etí ìdérí ìkòkò pinpin kí ooru má baà jáde. Omi tó bá sẹ̀ sábẹ́ ìdérí ló máa kán sí ọmọ náà lẹ́nu. Èmi akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì á máa rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tí mo fẹ́ jáde ní yunifásítì, iṣẹ́ àṣejáde mi ni kí n yọ òróró ẹfinrin, kí n wo ohun tó wà nínú rẹ̀ àti bóyá ó lè pa kòkòrò àrùn. Mo já gbogbo ewé ẹ̀yìnkùlé tán. Ó wá ku ìdí kan lẹ́bàá fèrèsé Ìyá Àgbà, èyí tí atẹ́gùn máa ń gbé òórùn rẹ̀ bá a nídìí àdúrà àárọ̀. Mo sá ewé mi sórí páànù fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo sè é ní yàrá ìwádìí, omi lásán ló jáde, ó sì ku ọ̀sẹ̀ méjì kí n kó iṣẹ́ náà fún àwọn ọ̀gá mi. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo láṣọ funfun yàrá ìwádìí lóòótọ́, àmọ́ n kò mọ̀ pé oòrùn ti mu òróró mi.

“Inú ilé la ti ń sá ewé olóòórùn,” Ìyá Àgbà sọ nígbà tí mo ròyìn fún un. “Kí ló dé tó ò bi mí?”

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, fúnra rẹ̀ ló gé ìdí ẹ̀bá fèrèsé rẹ̀.

“Tiyín ńkọ́, Mà?”

“Á tún hù.”

Òróró jáde lọ́tẹ̀ yìí. Mo rí èròjà apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní tàímọ́ọ̀lì nínú rẹ̀, ibi tí mo sì kán òróró náà sí nínú àwo tí mo gbin kòkòrò àrùn sí, wọn kò lè hù níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá mi yìn mí, mo gbé ìwé tí mo kọ lórí iṣẹ́ náà wálé tayọ̀tayọ̀.

Ìyá Àgbà wọ awò ojú rẹ̀, ó ṣí ojú ewé ìdúpẹ́. Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lọ́wọ́ ọ̀gá mi, lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹni tó ń fọ ìgò yàrá ìwádìí. Ó fìka tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan dé ìsàlẹ̀, ó ṣí i sí ẹ̀yìn, ó wò ó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

“Ó dáa,” ló wí. Ó pa ìwé dé, ó lọ bu oúnjẹ fún mi.

Èmi náà ti ń kọ́ni báyìí, Ìyá Àgbà sì ti lọ. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an, pàápàá bí mo bá ń kìlọ̀ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n má sá ewé wọn sóòrùn. Wọ́n á bi mí pé ta ló kọ ìwé tí mo ti rí i. Orúkọ rẹ̀ ni mo máa ń kọ sójú bọ́ọ̀dù. Ẹni tó wá a títí nínú ìwé mi kò sí níbẹ̀ láti kà á.