Ebè Fúláwà Ìyá Láwàl

Ummu Salamah kò kàwé, kò sì ní ilẹ̀ kankan. Ẹ̀kọ ló ń tà ní Basin. Àmọ́ tó bá ti di àárọ̀ Sátidé, inú ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba ní GRA lẹ ó ti bá a, òun àtàwọn mélòó kan tó ń tọ́jú fúláwà ibẹ̀ lófẹ̀ẹ́, nítorí Ọlọ́hun. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní ebè tirẹ̀. Tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń kírun.

Láwàl ọmọ rẹ̀, tó ń lẹ táyà ní Post Office, a máa fi ṣẹ̀fẹ̀: "Ìyá, fúláwà tí ẹ ò lè sè, tí ẹ ò lè tà?"

"Máa lẹ táyà ẹ. Oúnjẹ ojú ni."

Ọyẹ́ dé, Ummu Salamah lọ. Àìsàn ránpẹ́ ni.

Lẹ́yìn fídàú ọjọ́ kẹjọ, Láwàl lọ wo ebè náà. Kò débẹ̀ rí. Omi ẹ̀rọ ti dá, gbogbo ọgbà ti gbẹ. Àmọ́ fúláwà ìyá rẹ̀ pọ́n yòò, bí ẹni pé òjò rọ̀ lóru fún òun nìkan.

"Subuhánà-Lọ́hi!" Ó jókòó sílẹ̀.

Àlhájà Kamilah, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń tọ́jú fúláwà, ló bá a níbẹ̀. "Ìwọ lo ni ín báyìí o. Ebè tó bá kú, a ó hú u, a ó fún ẹlòmíì. Bá a ṣe ń ṣe nìyẹn."

"Kò ní kú, Àlhájà."

Ló bá gbójú sókè, ó rí àwọn tó ń ṣe àlùwàlá lórí òkúta. Omi ẹnu, omi imú, omi ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń ṣàn bọ̀ nídìí fúláwà. Inú bí i. Omi ẹsẹ̀, lára fúláwà ìyá òun? Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó kó òkúta náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ odi ọgbà, kí wọ́n lè máa ṣe àlùwàlá wọn níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ó ń fi ọ̀kadà gbé kẹ́ẹ̀gì omi mímọ́ wá láràárọ̀.

Kò tó. Ewé rọ, ó ká kò. Láwàl dúró tì í bó ṣe dúró ti sàréè.

Sátidé, Àlhájà Kamilah wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. "Ta ló kó òkúta àlùwàlá?"

"Èmi ni, Àlhájà. Omi ìdọ̀tí ni."

"Ìdọ̀tí kẹ̀? Orí ẹ le bíi táyà tírélà! Ìyá ẹ ló to òkúta yẹn síbẹ̀. Òun ló la poro. Ó ní omi tí wọ́n fi ń múra ìrun, kò gbọdọ̀ ṣòfò."

Láwàl bẹ̀rẹ̀, ó gbá ewé gbígbẹ kúrò. Poro rèé lóòótọ́, tóóró. Ojú ọkọ́ ìyá rẹ̀ ṣì wà lára ilẹ̀.

Ó kó òkúta padà. Ní Alaásárì, wọ́n dé: awakọ̀, ọlọ́dẹ, akọ̀wé ìjọba. Kò sẹ́ni tó mọ Ummu Salamah nínú wọn. Wọ́n ń da omi búútà sẹ́sẹ̀. Omi wọ poro, ó gba ọ̀nà tó mọ̀.

Ó ku ìrudí pupa kan lórí fúláwà náà. Láwàl bu omi sí búútà, ó jókòó láàárín wọn. Ó fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fọ tòsì, ó ń wo omi náà bó ṣe ń lọ bá a.