Pákó Mítà Pàpá Joaquim

Kò sí ẹni tó dàgbà ní Pópó Àgùdà tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tí Pàpá Joaquim lọ kọ orúkọ sílẹ̀ fún iná átọ́míìkì. Lọ́dún 1976 ni. Rédíò ní ìjọba ti ṣòfin láti dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó agbára átọ́míìkì. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Pàpá Joaquim, gbẹ́nàgbẹ́nà wa, ti wọ kóòtù, ó ti dé ọ́fíìsì ìjọba kan ní Marina.

Akọ̀wé ibẹ̀ ní, "Bàbá, wọn ò tíì kọ́ nǹkan kan o."

"Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ ni."

"Ó lè tó ogún ọdún, sà."

"Sùúrù ni baba ìwà, ọmọ mi." Ló bá tú àga kíká tó gbé wá láti ilé, ó jókòó. Ọ̀sán pọ́n kó tó dìde, lẹ́yìn tí akọ̀wé ti kọ ọ́ sínú ìwé kan: nọ́ńbà kìn-ín-ní.

Olóríkunkun ni, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bó ṣe délé, ó fa pákó ọ̀gánwó tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yọ, ó fi ọjọ́ mẹ́sàn-án gbẹ́ òdòdó sí i létí, ó sì kàn án mọ́ ògiri pálọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìyàwó rẹ̀, Màmá Gladys, ti fẹ́ gbé fọ́tò ìgbéyàwó wọn kọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

"Pákó kí nìyí, Bàbá Ìbíyínká?"

"Ibi tí mítà átọ́míìkì máa wà ni."

"Fọ́tò wa ńkọ́?"

"Fọ́tò kì í tan iná."

Bí fọ́tò ṣe di ará ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù nìyẹn. Láti ìgbà náà, láràárọ̀ ni Màmá ń fi pákó òfìfo náà ṣe yẹ̀yẹ́: "Mítà, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ ti dé?"

Lọ́jọ́ Gúdù Fúráídè kan, tí Màmá ń ṣa ẹ̀wà tó máa fi se fíréjọ̀n, oúnjẹ ẹ̀wà àti àgbọn tí àwọn Àgùdà máa ń jẹ lọ́jọ́ náà, Alàájì Sùlè tó ń ta àtùpà ní Ẹnu Ọ̀wá gbé abọ́ rẹ̀ dé bó ṣe ń ṣe lọ́dọọdún. Pàpá Joaquim fa àwo ẹ̀wà mọ́ra.

"Ẹ wò ó, Alàájì. Ẹyọ kan là, ó la méjì. Méjì la mẹ́rin. Báyẹn ni átọ́míìkì ṣe máa tan gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó!" Ó ti fi ṣísù tó fi ń gbẹ́gi la ìdajì ẹ̀wà inú àwo.

Alàájì ní, "Ó yé mi, Bọ̀dá. Èwo nínú wọn la máa jẹ?"

Nígbà tí iná àdúgbò kú fún ọ̀sẹ̀ kan, Pàpá Joaquim náà lọ ra àtùpà lọ́wọ́ Alàájì. "Ẹ dínwó," ó ní. "Kò ní pẹ́ tí mi ò fi ní lò ó mọ́."

Pàpá kú nígbà ọyẹ́ 1979. Lẹ́yìn ìsìnkú, Ìbíyínká ọmọ rẹ̀ gbé fọ́tò bàbá rẹ̀, ó mú òòlù, ó sì kọrí sí pákó náà.

Màmá Gladys pariwo. "Gbé e kúrò níbẹ̀! Tí àwọn oníná bá dé, níbo ni wọ́n máa fi mítà sí?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Alàájì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, omi náà ò sì tètè dá. Àárò ọkùnrin náà sọ wá gan-an.

Ògiri tó dojú kọ pákó ni wọ́n kọ́ fọ́tò rẹ̀ sí, Màmá sì yọ ti ìgbéyàwó lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láràárọ̀, ó ṣì ń nu eruku pákó náà.

"Mítà, ẹ káàárọ̀ o," yóò ní. "Ẹ má kánjú. Àyè yín ṣì wà."